Ẹṣin Kì Í Bì

Ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tí kò bá rí àga kó jókòó sórí pèpéle, erùpẹ̀ ilé baba ẹni kì í ba aṣọ jẹ́. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ ra ẹṣin tí mọ́gàjí wa tuntun máa gùn gba Ọjà'ba kọjá lọ́jọ́ ìwúyè rẹ̀. Ẹ ní lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹṣin yẹn ò ní lọ mọ́, inú agboolé wa níbí ní Bẹ́yẹrúnkà ló máa máa gbé, bí ẹṣin ṣe ń gbé ibẹ̀ láyé àwọn baba yín. Ẹ wá ní èmi nìkan ló kù tó mọ ohun tí ẹṣin ń jẹ àti bó ṣe ń jẹ ẹ́, kí n gbà láti ṣe olórí àwọn tó máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ ṣeun. Ẹ pọ́n mi lé. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí n tó dá yín lóhùn, ẹ má sì máa wo fóònù, torí ẹnu arúgbó kì í yára.

Ṣé ẹ rí ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà yẹn, èyí tí wọ́n ti ń gẹrun àti èyí tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù? Ilé ẹṣin ni gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹṣin mẹ́ta ló ń gbé níbẹ̀. Nígbà tí mo di géńdé, ó ku méjì. Nígbà tí bàbá mi fi kú, tí iṣẹ́ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́ pátápátá, Àrídunnú nìkan ló kù, akọ ẹṣin pupa kan tó ní àmì funfun níwájú orí. Àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn rí òrùka irin tí a máa ń so okùn rẹ̀ mọ́ lára ògiri, wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹn-ẹn," wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì bò ó.

Kì í ṣe ìró pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin ni mo máa ń rántí jù, bí ẹ ṣe máa rò. Ìró ẹnu rẹ̀ ni. Bí ẹṣin bá ń jẹ koríko gbígbẹ, ó máa ń dún bí ìgbà tí ìyá arúgbó bá ń fọwọ́ pa ẹ̀pà sínú àtẹ, kò ní yára, kò sì ní dúró. Ìró yẹn la fi ń sùn nínú ilé yìí. Bó bá dákẹ́ nígbà tí kò yẹ kó dákẹ́, bàbá mi á ti dìde jókòó lórí ẹní láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Ní báyìí, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ló ń dún níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bó bá sì dákẹ́, a ti mọ̀ pé epo ló tán.

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe bí a ṣe ń gbé oúnjẹ síwájú ẹṣin, bí a ṣe ń wo ìgbẹ́ ẹṣin ni. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Láàárọ̀, kí bàbá mi tó lọ dọ̀bálẹ̀ kí mọ́gàjí, ó ti kí ìgbẹ́ ẹṣin ná. Á bẹ̀rẹ̀, á fi igi tú u. Bó bá rí roboto, tó sì là sí méjì nígbà tó balẹ̀, àlàáfíà ni. Bó bá le bí òkúta, omi ò tó. Bó bá ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, oúnjẹ kan ti ṣì wọnú. Bó bá jẹ́ pé odidi ọkà ló ń bá a jáde, eyín ẹṣin lẹ máa yẹ̀ wò. Ó máa ń sọ fún mi pé ẹni tó bá ń wo ojú ẹṣin nìkan, ẹwà ló ń wò.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fìlà tísà ò fi lè kúrò lọ́kàn mi. Tísà kan wà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní. Ó wá bá mọ́gàjí sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan nípa ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ó sì dé akẹtẹ̀ tuntun. Ó dúró, ó kẹ́yìn sí ilé ẹṣin, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń kàwé. Ẹṣin na ọrùn, ó ká akẹtẹ̀ náà kúrò lórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Gbogbo agboolé fọwọ́ bo ẹnu. Tísà ń retí kí bàbá mi tọrọ àforíjì. Bàbá mi ò rántí àforíjì, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ o, tísà, irú òwú wo ni wọ́n fi rán an? Ṣé wọ́n pa á láró?" Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi tú ìgbẹ́ kiri títí ó fi rí òwú náà. Ó so ó mọ́ ẹnu igi, ó gbé e lọ bá tísà nílé rẹ̀ lẹ́yìn Mapo, ó ní kí ó má dààmú mọ́, pé nǹkan ti jáde. Tísà ò tún tẹ ilé wa mọ́ títí wọ́n fi gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Oúnjẹ ẹṣin ò le bí ẹ ṣe rò, àmọ́ ó ní ètò, ètò yẹn ló máa ń nira fún ọmọ aráyé. Omi ni ẹṣin kọ́kọ́ ń mu láàárọ̀, omi kànga tí a ti pọn kalẹ̀ láti àná kó má baà tutù jù. Lẹ́yìn omi ni koríko. Ìgbà tí koríko bá ti tẹ́ inú rẹ̀ la tó ń gbé ọkà bàbà tí a ti rẹ sómi wá, tàbí eèrí. Iyọ̀ díẹ̀ àti káún bíńtín, àtẹ́lẹwọ́ la fi ń fún un lá. A kì í fún un lọ́kà gbígbẹ ká tún gbé omi tẹ̀lé e láé. Ẹṣin tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn dé, tí òógùn ṣì wà lára rẹ̀, a kì í fún un ní nǹkan kan rárá. Ńṣe la máa fà á rìn jẹ́jẹ́ nínú àgbàlá títí àyà rẹ̀ á fi tutù.

Àwọn ìyá tó ń ṣe ògì ní Pópó Yemọja ló ń fún wa ní eèrí. Láàárọ̀ kùtù, ẹ ó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ asẹ́ nínú omi, tí wọ́n ń bú àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n ń dárin. Eèrí òní nìkan la máa ń gbà. Eèrí àná ti kan, ti ewúrẹ́ nìyẹn. Àwọn ìyá yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti ya tẹṣin sọ́tọ̀ kí a tó dé. Ẹ lọ wò ó báyìí bóyá ẹ ó rí ẹni tó ń sẹ́ ògì lójúde níbẹ̀. Inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń ra ògì, èmi náà sì ń rà á bẹ́ẹ̀, torí mo fẹ́ jẹun.

Koríko wá ńkọ́? Ní ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń kó wá láti òkè ọya là ń rà. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, Àlàbí ló ń gé koríko fún wa. Ọmọ Òkè Ògùn ni Àlàbí, ẹgbẹ́ mi ni, yàrá kan ló háyà ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run bá dá, á ti lọ sí etí odò Kúdẹtì kí ojúmọ́ tó là dáadáa, á ru ìdì koríko wá síbí lórí. Kò ní gbé e fún ẹṣin lójú ẹsẹ̀. Koríko tí ìrì wà lára rẹ̀ máa ń wú inú ẹṣin, nítorí náà á tẹ́ ẹ sórí pèpéle tí ẹ jókòó sí yìí kí oòrùn lá ìrì rẹ̀ kúrò. Á wá máa ṣà á, á máa yọ ewé tí kò mọ̀ dànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tó bá fẹ́yàwó, kó má ṣa ìyàwó náà bẹ́ẹ̀, á sá lọ. Àlàbí á dáhùn pé ìyàwó ní ẹnu láti fi sọ ibi tó ń dùn ún, ẹṣin ò ní. A jọ ń jẹ nínú àwo kan ni, èmi àti Àlàbí. Ogún ọdún la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Kúdẹtì tí mo ń wí yìí, ẹ̀yin náà ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá. Ẹ ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kọnkéré lápá ọ̀tún, kọnkéré lápá òsì, ọ̀rá láàárín. Ní Iléyá tó kọjá, mo rí ẹṣin kan ní Bẹẹrẹ tí àwọn kan háyà láti fi ya fọ́tò. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà láti òdìkejì títì. Búrẹ́dì ni wọ́n ń jù sí i lẹ́nu, wọ́n wá fi eyín ya ọ̀rá piọ́ wọ́tà, wọ́n ń ta omi sí i lójú pé ooru ń mú un. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ẹṣin náà jẹ búrẹ́dì yẹn torí ebi ń pa á. Mo yíjú sí ọ̀nà ilé.

Ẹnìkan nínú yín pòwe fún mi lánàá pé bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn. Òótọ́ ni òwe yẹn. Kò kàn sọ fún wa bí a ó ti ṣe é bó bá jẹ́ pé àwa la pa ẹṣin.

Ó ní àṣà kan nínú ilé yìí tí ẹ ò bá. Lọ́jọ́ Iléyá, bí mọ́gàjí bá ti gun ẹṣin lọ sí Yídì tó sì padà dé, àwọn ará ilé àti aládùúgbò máa ń mú oúnjẹ wá fún ẹṣin. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbé olórí wọn lọ, ó sì gbé e bọ̀ láyọ̀. Ẹnìkan á gbé àkàrà wá, ẹlòmíràn á gbé iṣu sísè, ọmọdé á mú ìdajì ọsàn wá. A kì í kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ ọdún, ó ti kọ ẹni tó gbé e wá. Ọgbọ́n tí bàbá mi fi kọ́ mi ni pé, "Gbà á, dúpẹ́, fi kan ètè ẹṣin, kó o wá gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ fún ewúrẹ́." Ewúrẹ́ ilé wa máa ń sanra lọ́sẹ̀ Iléyá. Gbogbo àgbà ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀lé wa dé ẹ̀yìnkùlé.

Ọlọ́run ò fún ẹṣin ní èébì, ìdí abájọ nìyẹn. Ajá á jẹ ìjẹkújẹ, á pọ̀ ọ́ jáde, á tún máa jù'rù. Ọmọ èèyàn náà bẹ́ẹ̀. Ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá ti gba ọ̀fun ẹṣin kọjá ti lọ nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ rin ìrìn náà dé òpin, bóyá ó bá a lára mu tàbí kò bá a mu.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, bàbá mi ti kú. Ìyá kan wà nínú ilé yìí tí à ń pè ní Ìyá Mọríámọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Òun ló tọ́ mi, torí ìyá tó bí mi kú nígbà tí mi ò tíì mọ orúkọ ara mi. Mọríámọ̀ ọmọ rẹ̀ wà nílé ọkọ fún ọdún mẹ́tàlá, kò rí ọmọ gbé jó. Ní Iléyá kan, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, ó rí Àrídunnú tó ń kọjá pẹ̀lú mọ́gàjí lórí rẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Mọríámọ̀ bá bímọ, òun á fọwọ́ ara òun bọ́ ẹṣin yẹn ní àbọ́yó, òun á sì fojú ara òun rí ìdí abọ́. Kí ọdún mìíràn tó pé, Mọríámọ̀ bí ọmọkùnrin. Ọmọ náà dáa, ó lẹ́wà. Inú gbogbo wa dùn débi tí a ò lè sùn.

Iléyá dé. A lọ sí Yídì, a bọ̀. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, èèyàn sì pọ̀ lọ́nà, ẹṣin làágùn títí ọrùn rẹ̀ fi ń hó bí ọṣẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ gàárì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Mọríámọ̀ jáde wá pẹ̀lú aṣọ tuntun, àwọn obìnrin ilé ń kọrin tẹ̀lé e. Abọ́ tánganran ńlá ló gbé dání. Gàrí ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu, gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ tó ń dún sẹ̀sẹ̀, ó bu ṣúgà sí i, ó fọ́n ẹ̀pà sórí rẹ̀. Ohun tó dáa jù nínú yàrá rẹ̀ ló kó wá.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọdún o, ẹ kú oríire. Ẹ gbé e fún mi, ẹ̀jẹ́ ti gbà."

Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ni mo fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà. Ojú mi ni mo sì ní á rí ìdí abọ́."

"Ìyá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yídì dé ni. Ẹ wò ó, òógùn ṣì wà lára ẹ̀."

"Èmi náà ti Yídì dé. Òógùn wà lára tèmi náà. Ṣé mi ò ní jẹun ni?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Mo sún mọ́ ọn, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo ní, "Gàrí ni, Ìyá. Gàrí máa ń wú."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó ní, "Nígbà tí ìyá ẹ kú tí ò sí ọmú, gàrí ni mo fi wò ẹ́ dàgbà. Ṣé o wú?"

Ẹ̀rín ta. Mọ́gàjí pàápàá rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì yẹ̀ kúrò lọ́nà. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. Ẹṣin ki ẹnu bọ abọ́ náà. Ṣúgà dùn mọ́ ọn, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún lá abọ́ náà títí ìdí rẹ̀ fi ń dán. Ìyá Mọríámọ̀ ń sunkún ayọ̀. Mọ́gàjí ní kí n wá kí àwọn àlejò òun. Mo ní in lọ́kàn pé màá tètè padà wá fà á rìn, mi ò ní jẹ́ kó dé ìdí omi. Kí n tó kí àlejò tán, ẹnìkan tó ṣàánú rẹ̀ ti gbé omi fún un. Garawa méjì ló mu.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ iwájú walẹ̀. Ó ń wẹ̀yìn wo ìhà ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń pè é láti ibẹ̀. Mo fà á rìn. Mo fà á rìn títí okùn fi bó mi lọ́wọ́. Ó ń dùbúlẹ̀, mò ń gbé e dìde, ó ń yí gbiri mọ́lẹ̀, mo tún ń gbé e dìde. Ràṣídá, mo rí i pé o fẹ́ bi mí nípa dókítà ẹran. A ránṣẹ́ sí i, ọmọ. Ó ti lọ ṣọdún ní ìlú rẹ̀. Ikùn ẹṣin náà le bí ògiri yìí. Ó kú kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gàríbì, orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ mi. Àlàbí ti gbọ́, ó ti sáré dé. Ó kúnlẹ̀, ó fi aṣọ ọrùn rẹ̀ nu ẹnu ẹṣin náà bí ìgbà tí wọ́n bá ń nu ẹnu ọmọ, ó sì pa ojú rẹ̀ dé. 

Lọ́jọ́ kejì, mọ́gàjí pe gbogbo ilé jọ sí àgbàlá. Ọ̀rọ̀ ń jà kiri. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan ní ẹni tó ń jowú mọ́gàjí ló fi nǹkan sí i lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan sọ pé ta ló ń fún ẹṣin lóúnjẹ tí kì í ṣe ọmọ ilé? Gbogbo ojú yí sí Àlàbí.

Mọ́gàjí ní, "Àlàbí, kí ni o gé fún ẹṣin wa láàárọ̀ àná?"

Àlàbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Bàbá, koríko tí mo ń gé fún un láti ogún ọdún ni. Ẹ bi ọ̀rẹ́ mi léèrè. Ojú ẹ̀ ni mo ṣe ṣà á."

Mọ́gàjí wò mí. Ìyá Mọríámọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ tuntun náà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sùn. Bí mo bá lanu, ìyá tó tọ́ mi á gbọ́ lójú gbogbo ilé pé ọpẹ́ tó fi dá Ọlọ́run lóhùn ló pa ẹṣin agboolé. Bí mi ò bá lanu, Àlàbí lọ. Ẹ ti mọ̀ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Mo ní, "Mi ò lè sọ." Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Àlàbí gbé ojú sókè, ó wò mí, ó wá tún fi iwájú orí kan ilẹ̀. Wọ́n ní kó má tún gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ agboolé yìí mọ́. Agboolé méjì tó kù tó ní ẹṣin nítòsí Mapo gbọ́, àwọn náà ò ra koríko lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

A ò ní ẹṣin mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mọ́gàjí ní òun ò lè fojú rí òmíràn, nígbà tó sì kú, ẹni tó jẹ tẹ̀lé e ra mọ́tò. Ìyá Mọríámọ̀ pẹ́ láyé dáadáa. Gbogbo Iléyá ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé pé ẹṣin yẹn fẹ́ràn òun, pé ó dúró jẹ oúnjẹ ẹ̀jẹ́ òun tán kó tó kú. Á ní, "Àbí kì í ṣe ojú ẹ?" Èmi á ní, "Ojú mi ni, Ìyá." Mo máa ń jẹun lẹ́yìn náà, mo máa ń sùn. Kò sí ohun tí èèyàn ò lè bá gbé.

Ìgbà tí a sin Ìyá Mọríámọ̀ tán, tí ogójì ọjọ́ rẹ̀ kọjá, mo wọkọ̀ lọ sí Òkè Ògùn. Mo ti ń wí fún ara mi pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mo bá Àlàbí lábẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ kan ò ríran mọ́. Ó mọ ohùn mi. Ó ní kí wọ́n bomi wá fún mi. Mi ò tíì mu ún tí mo fi sọ ọ́. Mo ní, "Àlàbí, gàrí ni."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó ní nígbà tí òun ń nu ẹnu ẹṣin náà, òun rí gàrí ní àárín eyín rẹ̀, òun sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà tipẹ́ bí gbogbo àdúgbò ṣe gbọ́ ọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ níwájú mọ́gàjí.

Ó ní, "Àlejò ni mí. Ṣé èmi ni mo máa dúró láàárín agboolé yín sọ pé ìyá yín ló pa ẹṣin yín? Ẹnu ẹ ló tọ́ sí. Mo rò pé bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá, o ó sọ ọ́."

Ó ní nígbà tí a lé òun, òun ò kúrò n'Ìbàdàn. Oṣù mẹ́rin lòun fi wà ní yàrá òun ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí òun ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà. Bí òun bá dé nírọ̀lẹ́, òun á wẹ̀, òun á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, òun á jókòó, torí òun mọ ọ̀nà tí mo máa gbà wá. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Láti ibí yìí dé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo ti rìn ín lọ rìn ín bọ̀ láìmọye ìgbà láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, ọ̀nà mìíràn tí kò kan ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mò ń gbà.

Àlàbí ti kú báyìí. Kò sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún ṣáájú yín, mi ò sì mọ ohun tí ẹ máa fi ṣe. Ìdáhùn mi nìyí: mi ò ní ṣe é. Bí ẹ bá ra ẹṣin náà, ẹ lè rí koríko gé níbì kan tó jìn, ẹ lè ra ọkà bàbà, ẹ sì ti gbọ́ ètò rẹ̀ lẹ́nu mi. Mo mọ oúnjẹ ẹṣin dáadáa. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sọ fún àgbà pé ó tó. Mo sì ti wo gbogbo yín yíká láti ìgbà tí ẹ ti jókòó. Ọmọ dáadáa ni yín, ẹ ní ọ̀wọ̀, ẹ ní ìtẹríba, kò sì sí ẹnì kan nínú yín tó ti sọ fún mi rí pé ó tó.